Ààlà 128 KB, 64 KB àti 4 KB: ibi tí àdírẹ́sì mẹ́mórì ti ń dá wàhálà sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì káàdì

Olùbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ó ń lo prósẹ́sọ̀ 80286, tí àwọn ihò káàdì rẹ̀ sì jẹ́ ti ISA, bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí káàdì fi ń bá mọ́dàbọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Káàdì àwòrán VGA oníbítì 16 ni ó wà nínú rẹ̀, mo sì fẹ́ fi káàdì nẹ́tíwọọ̀kì oníbítì 8 kan kún un, èyí tí ROM rẹ̀ (mẹ́mórì tí ètò káàdì náà wà nínú rẹ̀) wà ní àdírẹ́sì D0000h (h túmọ̀ sí pé a fi hexadecimal kọ ọ́). Bí mo bá lo káàdì àwòrán àtijọ́ tí ó jẹ́ oníbítì 8, BIOS, ètò tí ó ń jí kọ̀ǹpútà, máa ń rí ROM nẹ́tíwọọ̀kì náà láìsí ìyọnu. Ṣùgbọ́n bí VGA náà bá ti wà níbẹ̀, ṣe ni ó dà bí ẹni pé ROM náà kò sí rárá. Àdírẹ́sì àwọn méjèèjì kò sì fara kan ara wọn, nítorí pé láti C0000h dé C7FFFh ni ROM ti VGA gbà. Mo fi DEBUG, ètò tí ń fi ohun tí ó wà nínú mẹ́mórì hàn, wo D000:0000 (ìyẹn D0000h), ohun tí mo sì rí ni 55, lẹ́yìn rẹ̀ FF, lẹ́yìn rẹ̀ báìtì kan tí ó jọ pé ó tọ̀nà, lẹ́yìn rẹ̀ FF mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ títí. Níbo ni àwọn FF wọ̀nyí ti ń wá?

Atúnẹ̀rọṣe:
DEBUG tí ẹ lò yẹn ni ó tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo báìtì tí ó wà ní àdírẹ́sì tí ó ṣeé pín sí méjì dọ́gba ni ó tọ̀nà, gbogbo èyí tí ó wà ní àdírẹ́sì aláìdọ́gba ni ó sì di FF. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà yín ń bá káàdì oníbítì 8 yẹn lò bí ẹni pé oníbítì 16 ni.

Lórí ISA, káàdì oníbítì 8 kò ní ju waya dátà mẹ́jọ lọ, láti D0 dé D7. Bí prósẹ́sọ̀ bá fẹ́ ka báìtì méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lára irú káàdì bẹ́ẹ̀, mọ́dàbọ́ọ̀dù ni yóò gé iṣẹ́ náà sí méjì: yóò ka báìtì kìn-ín-ní, yóò ka èkejì, yóò sì gbé èkejì náà láti orí D0 sí D7 lọ sórí D8 sí D15 kí prósẹ́sọ̀ tó rí i. Káàdì oníbítì 16 kò nílò ìrànlọ́wọ́ yìí. Àmì kan tí wọ́n ń pè ní MEMCS16 ni ó fi ń sọ fún mọ́dàbọ́ọ̀dù pé òun lè gba báìtì méjì pọ̀, bí àmì náà bá sì ti dé, mọ́dàbọ́ọ̀dù kò ní gé iṣẹ́ kankan, kò sì ní gbé báìtì kankan láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Àsìkò tí àmì náà gbọ́dọ̀ dé ni ó fa ìjàngbọ̀n. Mọ́dàbọ́ọ̀dù fẹ́ gbọ́ èsì náà kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, nígbà tí àwọn waya àdírẹ́sì SA0 sí SA19 kò tíì fìdí múlẹ̀. Àwọn tí ó ti dé ní àsìkò yẹn ni LA17 sí LA23, tí IBM fi kún bọ́ọ̀sì náà nígbà tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ PC/AT jáde ní ọdún 1984. Nítorí náà, láti bítì 17 lọ sókè nìkan ni káàdì lè wò kí ó tó dáhùn. Àwọn bítì mẹ́tàdínlógún tí ó wà nísàlẹ̀, tí kò rí, jẹ́ 131,072 báìtì, ìyẹn 128 KB. VGA yín kò lè mọ̀ bóyá C0000h ni prósẹ́sọ̀ ń pè tàbí D0000h, nítorí pé inú ìpín kan náà, láti C0000h dé DFFFFh, ni àwọn méjèèjì wà. Ó dà bí aṣọ́bodè tí wọ́n dárúkọ àdúgbò fún, tí ó sì ní láti dáhùn kí wọ́n tó dárúkọ ilé. Gbogbo ìpín náà ni VGA ń fa MEMCS16 fún.

Ẹ wá wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Káàdì nẹ́tíwọọ̀kì gbé báìtì rẹ̀ sórí D0 sí D7 gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, mọ́dàbọ́ọ̀dù sì ń retí báìtì aláìdọ́gba lórí D8 sí D15 níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti fèsì, FF ni ó sì kà. BIOS máa ń wá 55 AA ní gbogbo 2 KB láti fi mọ ibi tí ROM káàdì wà. 55 FF ni ó rí, ó sì kọjá lọ. Ohun kan tún wà tí ó lè bu iná sí i: kíkà mẹ́mórì oníbítì 16 máa ń parí nínú ìlù aago mẹ́ta, nígbà tí ti oníbítì 8 máa ń gba mẹ́fà, nítorí náà káàdì tí kò yára lè má rí àyè gbé báìtì tí ó yẹ kó tọ̀nà pàápàá sílẹ̀.

Ayẹ̀rọwò:
Kí n fi ọ̀nà àbáyọ kún ohun tí Atúnẹ̀rọṣe sọ. Ẹ kọ́kọ́ wá jọ́ńpà, ìdè kékeré tí a fi ń yí ìṣètò káàdì padà, lára káàdì VGA náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe irú káàdì yẹn mọ̀ nípa ìṣòro yìí, wọ́n sì fi jọ́ńpà tí a lè fi sọ ọ́ di oníbítì 8 sí i lára. Bí kò bá sí, ẹ gbìyànjú láti ki VGA náà bọ inú ihò kúkúrú oníbítì 8, nítorí pé apá tí MEMCS16 ń gbà kọjá kò sí lára ihò kúkúrú rárá. Ọ̀pọ̀ káàdì VGA oníbítì 16 ni ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkọ nǹkan sójú mọ́nítọ̀ yóò falẹ̀.

Ẹ má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí gbígbé ROM nẹ́tíwọọ̀kì láti D0000h lọ sí D8000h tàbí CC000h, nítorí pé ẹ kò tíì jáde kúrò nínú ìpín 128 KB yẹn. Àwọn kan máa ń dábàá pé kí a ra káàdì nẹ́tíwọọ̀kì oníbítì 16. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí pé káàdì lè jẹ́ oníbítì 16 ní ti port I/O rẹ̀ (ojú ọ̀nà tí prósẹ́sọ̀ fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀ láìgba mẹ́mórì), kí ROM tí ó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ oníbítì 8 síbẹ̀síbẹ̀.

Ìpín A0000h dé BFFFFh náà ní irú wàhálà yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo mọ́nítọ̀ méjì, kí VGA oníbítì 16 máa darí ọ̀kan, kí káàdì àwòrán aláwọ̀ ẹyọ kan (monochrome) tí ó wà ní B0000h sì máa darí èkejì, yóò rí i pé àfi kí ó sọ VGA di oníbítì 8.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Jọ́ńpà náà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, mo yí i, 55 AA sì ti hàn. Ṣùgbọ́n mo rí i nínú ìṣètò BIOS pé a lè da ROM VGA kọ sínú RAM, èyí tí wọ́n ń pè ní shadow. Ṣé èyí kò bá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé mo sọ VGA di oníbítì 8?

Atúnẹ̀rọṣe:
Rárá. Shadow yóò mú kí kíkà C0000h dé C7FFFh máa ti inú RAM wá, ṣùgbọ́n káàdì VGA fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí prósẹ́sọ̀ bá tún pe D0000h lórí bọ́ọ̀sì, LA17 sí LA23 kan náà ni VGA yóò rí, yóò sì tún fa MEMCS16. Bí ẹ bá sì ní kí a da ROM nẹ́tíwọọ̀kì náà kọ sínú RAM, ẹ rántí pé a ní láti kà á kí a tó lè dà á kọ, àdàkọ náà yóò sì kún fún FF.

Ní ti port I/O, ẹ fọkàn balẹ̀. IOCS16 ni àmì tirẹ̀, àyè wà fún un láti pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dé, nítorí náà káàdì lè wo àdírẹ́sì port náà tán kí ó tó dáhùn, káàdì oníbítì 8 àti oníbítì 16 sì lè jọ wà nítòsí ara wọn níbẹ̀.

Oníyèméjì:
Mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n mo ti rí káàdì tí ó ń wo àwọn waya SA pẹ̀lú kí ó tó fa MEMCS16, tí ó sì ń gbé pẹ̀lú ROM oníbítì 8 láìsí ìjà.

Ayẹ̀rọwò:
Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Ohun tí ẹni tí ó ṣe káàdì náà ń gbára lé ni pé mọ́dàbọ́ọ̀dù kan lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó wo MEMCS16, tí àwọn SA yóò fi ti dé. Bí ẹ bá gbé káàdì yẹn lọ sínú mọ́dàbọ́ọ̀dù mìíràn tí kì í dúró, àmì náà yóò dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣèpinnu, wọn yóò sì bá káàdì oníbítì 16 lò bí oníbítì 8. Iṣẹ́ kò ní bàjẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ìgbà, yóò kàn falẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ń yí padà láti mọ́dàbọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, èmi kì í kọ́lé lé e lórí.

Oníyèméjì:
Ó yé mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: káàdì oníbítì 8 kò ní ju waya àdírẹ́sì ogún lọ, nígbà tí AT ní mẹ́rìnlélógún. Kí ni kò jẹ́ kí ROM tí ó wà ní D0000h tún dáhùn nígbà tí prósẹ́sọ̀ bá pe 1D0000h, níwọ̀n ìgbà tí ogún bítì ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà?

Atúnẹ̀rọṣe:
Mọ́dàbọ́ọ̀dù ni ó ń dáàbò bo ibẹ̀. Àmì kíkà àti kíkọ tí ó lọ sí ihò kúkúrú ni SMEMR àti SMEMW, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi bí àdírẹ́sì bá wà nísàlẹ̀ 1 MB. MEMR àti MEMW, tí ó wà ní apá tí wọ́n fà gùn lára ihò oníbítì 16, ni ó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo 16 MB. Nítorí náà, bí wọ́n bá pe 1D0000h, káàdì kékeré náà rí àdírẹ́sì tí ó jọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ fún un pé kí ó sọ̀rọ̀.

Ààlà 1 MB yẹn náà ni ọ̀rọ̀ A20, waya àdírẹ́sì kọkànlélógún, ti wá. Lórí prósẹ́sọ̀ 8088, FFFF:0010 máa ń yí padà sí àdírẹ́sì 0, nítorí pé waya kọkànlélógún kò sí. 80286 ní waya náà, ó sì ń lọ sí 100000h ní tòótọ́. Àwọn ètò kan ti gbára lé yíyí yẹn, IBM sì fi ìlẹ̀kùn kan dí A20, ó sì fa okùn rẹ̀ lé 8042, chip tí ń bójú tó kíbọọ̀dù, lọ́wọ́. Ẹ bá mi wò ó.

Akọ́dírafà:
Ẹ jẹ́ kí n mú ààlà mìíràn wá tí ó ti pa dátà ọ̀pọ̀ ènìyàn lára ju ti MEMCS16 lọ, nítorí pé kì í fi ara hàn bí FF. DMA orí ISA ni mò ń sọ, ìyẹn gbígbé dátà láàárín káàdì àti mẹ́mórì láìgba ọwọ́ prósẹ́sọ̀. Chip 8237 tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ ìkàdírẹ́sì tí ó jẹ́ bítì 16 péré. Àwọn bítì òkè wà nínú rẹ́jísítà ojú-ìwé kan lọ́tọ̀, tí kò ní okùn kankan tí ó so ó mọ́ 8237. Bí ìkàdírẹ́sì bá ti FFFFh kọjá, 0000h ni yóò padà sí, ojú-ìwé kò sì ní kúrò lójú kan.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní kí dírafà ka 4,096 báìtì láti orí dísíìkì sínú mẹ́mórì láti 1F800h. Báìtì 2,048 àkọ́kọ́ yóò wọ 1F800h dé 1FFFFh gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́. Ìyókù kò ní wọ 20000h. 10000h dé 107FFh ni yóò lọ, yóò sì tẹ ohunkóhun tí ó bá wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí àmì àṣìṣe kankan láti ọ̀dọ̀ 8237, nítorí pé ní ojú tirẹ̀, iṣẹ́ ti parí bó ṣe yẹ. BIOS gbìyànjú ní tirẹ̀: INT 13h, ìpè BIOS fún dísíìkì, máa ń dá àmì àṣìṣe 09h padà bí ibi tí ẹ fẹ́ gbé dátà sí bá gba ààlà 64 KB kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bá chip náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní ẹni tí yóò kìlọ̀ fún un.

Channel DMA 5 dé 7 jẹ́ oníbítì 16, ọ̀rọ̀ báìtì méjì-méjì ni wọ́n ń kà, nítorí náà ààlà tiwọn jẹ́ 128 KB, ibi tí dátà ti bẹ̀rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ àdírẹ́sì tí ó ṣeé pín sí méjì. Àwọn channel wọ̀nyí kò sì lè dé òkè 16 MB, bó ti wù kí mẹ́mórì pọ̀ tó nínú ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí Linux fi ya 16 MB àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ ní orúkọ ZONE_DMA.

Ọgbọ́n tí mo máa ń dá ni pé kí a béèrè ìlọ́po méjì àyè tí a nílò, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí a nílò kò bá ju 32 KB lọ. Ààlà kan ṣoṣo ni ó lè bọ́ sáàárín rẹ̀, nítorí náà, bí ìdajì àkọ́kọ́ bá gba ààlà kọjá, ìdajì kejì kò ní gbà á kọjá. Ẹ fi XOR ṣe ìfiwéra àdírẹ́sì báìtì àkọ́kọ́ àti ti báìtì ìkẹyìn. Bí bítì kankan láti 16 lọ sókè bá yàtọ̀, ẹ ti kọjá ààlà. Báìtì ìkẹyìn ni mo sọ o, kì í ṣe èyí tí ó tẹ̀lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa ta àyè tí ó parí gẹ́lẹ́ sórí ààlà nù, bẹ́ẹ̀ kò sì ní àléébù kankan.

Oníyèméjì:
Ṣé PCI, bọ́ọ̀sì tí ó rọ́pò ISA, mú gbogbo èyí kúrò ni?

Ayẹ̀rọwò:
Ó mú ti MEMCS16 kúrò pátápátá. Lórí PCI, tí ìtẹ̀jáde rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1992, olúkúlùkù káàdì ń wo àdírẹ́sì náà tán kí ó tó fa DEVSEL láti sọ pé òun ni wọ́n ń pè. Bí ẹni tí ó pè bá fẹ́ lo bítì 64, yóò fa REQ64, ẹni tí ó gba ìpè náà nìkan ni ó sì lè fi ACK64 dáhùn. Bí kò bá dáhùn, bítì 32 ni wọn yóò fi ṣe é. Aládùúgbò kò lè dáhùn fún aládùúgbò mọ́.

Ààlà tuntun ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀. Gbogbo àyè mẹ́mórì tí káàdì bá béèrè nínú BAR rẹ̀ (rẹ́jísítà tí ń di àdírẹ́sì káàdì náà mú) gbọ́dọ̀ jẹ́ 16 báìtì, tàbí 32, tàbí 64, kí ó máa di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé fi ìwọ̀n rẹ̀ pín láìní àṣẹ́kù. Láti mọ ìwọ̀n náà, ẹ kọ FFFFFFFFh sínú BAR, ẹ kà á padà, ẹ sọ bítì mẹ́rin ìsàlẹ̀ di òdo, ẹ yí gbogbo bítì padà, ẹ sì fi 1 kún un. Bí ohun tí ẹ kà padà bá jẹ́ FFF00000h, 1 MB ni. Bí káàdì náà bá wà lẹ́yìn bridge, afárá tí ó so bọ́ọ̀sì kan mọ́ òmíràn, bridge kò lè ṣí fèrèsé mẹ́mórì tí ó kéré sí 1 MB, nítorí náà káàdì tí ó nílò 16 KB yóò gba 1 MB bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Aṣẹ̀dákáàdì:
Iṣẹ́ FPGA, chip tí a lè tún ìṣètò inú rẹ̀ ṣe, ni mò ń ṣe, ti PCIe, àrọ́pò PCI, sì ni ó kàn mí. Níbẹ̀, páàkẹ́ẹ̀tì ni ó ń rìn, a sì kọ àdírẹ́sì ìbẹ̀rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ sí i lórí. Òfin tí ó le jù ni pé ìbéèrè mẹ́mórì kankan kò gbọdọ̀ gba ààlà 4 KB kọjá. Bí mo bá fẹ́ kọ 512 báìtì láti 1F00h, n kò gbọdọ̀ fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kódà bí Max_Payload_Size, ìwọ̀n dátà tí páàkẹ́ẹ̀tì kan lè gbé, bá gbà mí láàyè. 256 báìtì ni yóò lọ láti 1F00h, 256 tí ó kù yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti 2000h. Ẹni tí ó bá rú òfin yìí, ẹni tí ó gba páàkẹ́ẹ̀tì náà lè kà á sí Malformed TLP, ìyẹn páàkẹ́ẹ̀tì tí kò tọ̀nà, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ sì ni gbogbo kọ̀ǹpútà yóò ti dá dúró nítorí rẹ̀. Ohun tí ó burú ni pé kì í hàn nínú ìdánwò bí dírafà bá ń fún yín ní àyè tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ojú-ìwé mẹ́mórì ní gbogbo ìgbà, nítorí pé 4 KB ni ojú-ìwé náà lórí x86. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi àdírẹ́sì wíwọ́, èyí tí kò bá ìbẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé mu, dán an wò.

Ìṣirò tí mo fi sínú ẹ̀rọ kò gùn: 1000h ni mo ń yọ bítì méjìlá ìsàlẹ̀ àdírẹ́sì kúrò nínú rẹ̀, mo sì ń mú èyí tí ó kéré jù nínú iye yẹn, Max_Payload_Size, àti ohun tí ó kù láti fi ránṣẹ́. Ní ti kíkà, Max_Read_Request_Size, ìwọ̀n tí ìbéèrè kíkà kan kò gbọdọ̀ kọjá, ni ẹ ó fi rọ́pò èkejì. Kí ẹ má sì retí pé èsì kíkà yóò dé lódidi: wọ́n lè gé e sí wẹ́wẹ́ níbi tí àdírẹ́sì bá ti ṣeé fi 64 tàbí 128 báìtì pín, gẹ́gẹ́ bí RCB (ààlà tí wọ́n ti lè gé èsì kíkà) ẹ̀rọ náà bá ṣe wí.

Akọ́dírafà:
Ẹ má gbàgbé ààlà 4 GB. Lórí PCIe, àdírẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀ 4 GB gbọ́dọ̀ lo orí páàkẹ́ẹ̀tì kúkúrú, DW mẹ́ta (DW kan jẹ́ báìtì mẹ́rin). Èyí tí ó wà lókè rẹ̀ ni ó ń lo DW mẹ́rin. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè máa lo orí gígùn nígbà gbogbo, kí ó kàn fi òdo sí apá òkè, ti rú òfin. PCI náà rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Dual Address Cycle rẹ̀, tí ó ń fi àdírẹ́sì oníbítì 64 ránṣẹ́ ní ìgbà méjì: bí bítì 32 òkè bá jẹ́ òdo, a kò gbọdọ̀ lò ó.

Ní ọ̀dọ̀ dírafà, ẹ fi dma_set_mask_and_coherent sọ fún Linux iye bítì tí káàdì yín lè pè ní tòótọ́. Bí káàdì kò bá lè ju 32 lọ, IOMMU, ẹ̀rọ tí ń túmọ̀ àdírẹ́sì fún àwọn káàdì, yóò fún un ní àdírẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀ 4 GB. Bí IOMMU kò bá sí, tí dátà sì wà lókè 4 GB, yóò kọ́kọ́ gba inú swiotlb, àyè agbedeméjì tí ó wà nísàlẹ̀, kọjá, yóò sì jẹ yín ní àkókò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe káàdì, bí BAR yín bá tóbi, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ oníbítì 64 tí ó sì jẹ́ prefetchable (tí a lè kà ṣáájú láìsí ewu), nítorí pé fèrèsé bridge tí kì í ṣe prefetchable kò ní ju bítì 32 lọ. Káàdì tí ó bá sọ BAR rẹ̀ di oníbítì 64 láìní prefetchable lẹ́yìn bridge yóò ṣì máa bá àwọn yòókù du àyè tí ó wà nísàlẹ̀ 4 GB.